Ẹ tún ilé ṣe kí ẹ tó di ẹrù sọ́kọ̀: ìrìn ọyẹ́ láti Ẹ̀pẹ́ dé Àgbádárìgì

Bí oṣù kọkànlá bá ti ń parí lọ, tí òjò ti dáwọ́ dúró, tí ọyẹ́ sì ti ń sán èèyàn létè, ẹ dé etí omi ní Ẹ̀pẹ́, ẹ ó rí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ti fà gòkè, tí wọ́n dojú wọn délẹ̀, tí àwọn tó ni wọ́n ń ha ìdí wọn. Àwọn kan ń lọ dẹ àwọ̀n fún edé àti akàn níbi tí omi iyọ̀ ti ń wọ inú ọ̀sà. Àwọn mìíràn ń lọ fi ọkọ̀ kó àgbọn àti ẹrù ọjà ní apá Àgbádárìgì. Ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé wọn kò ní í padà sílé lálẹ́. Oṣù méjì ni, tàbí mẹ́ta, títí òjò àkọ́rọ̀ á fi máa kùn bọ̀, ìyàwó àtọmọ á wà nílé, bàbá á wà lórí omi.

Àwọn ará Amẹ́ríkà àti Kánádà náà ní irú ìrìn yìí. Òtútù ló ń lé tiwọn. Wọ́n á gba ojú omi tó bá etíkun rìn, èyí tí wọ́n ń pè ní Intracoastal Waterway, tí wọ́n ń ka máìlì rẹ̀ láti Norfolk ní ìpínlẹ̀ Virginia, wọ́n á máa bọ̀ sí gúúsù títí wọ́n á fi dé Florida. Ọ̀pọ̀ wọn kì í kánjú sọ̀ kalẹ̀, torí pé láti oṣù kẹfà títí di òpin oṣù kọkànlá ni àkókò ìjì líle lórí òkun Àtìláńtíìkì. Tiwa yàtọ̀: omi tó rọlẹ̀ ni àwa ń tẹ̀ lé, a kò sá fún òtútù kankan. Ṣùgbọ́n ìmúra kan náà ni.

Èrò tèmi ni pé ilé ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà nídìí iṣẹ́ yìí, omi kọ́. Ẹ́ńjìnnì tó bá kú, ẹ ó rí mẹkáníìkì tó máa jí i. Ìpè tó bá wọlé lóru pé wọ́n ti lé ọmọ kúrò níléèwé nítorí owó, kò sí sípánà tó ń tú u. Nítorí náà, ilé ni mo máa kọ́kọ́ mú.

Ilé

Táàmù kejì máa ń wọlé nínú oṣù kìíní, nígbà tí ẹ ó ti jìnnà. Ẹ san owó rẹ̀ kí ẹ tó ṣí kúrò ní èbúté. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pín owó tó bá kù sí ọ̀nà mẹ́ta. Owó oúnjẹ ni àkọ́kọ́, èyí tí ẹ ó máa fi ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èkejì ni owó àìsàn, ọwọ́ ìyàwó gan-an ló gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe ọwọ́ àbúrò yín tàbí ọ̀rẹ́ tí ẹ gbọ́kàn lé. Ẹ̀kẹta ni owó ìpadà, ìyẹn iye tó máa ra epo tí ẹ ó fi wálé bí ẹ kò tilẹ̀ rí akàn kan ṣoṣo pa. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n sábà máa ń jẹ mọ́ oúnjẹ, òun náà ló sì ń so ọkùnrin mọ́ àgọ́ títí ìjì fi ń bá a níbẹ̀. Ẹ má ṣe kó owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹbí bá ti gbọ́ pé owó wà nílé, ẹbí á wá yá a.

Ẹ ka gbèsè yín fún ìyàwó yín. Ó le lẹ́nu ọkùnrin, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ọkọ̀ ti ṣí, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni ẹni tó ta àwọ̀n láwìn àti ẹni tó yáni lówó ọ́ìlì á ti máa kan ilẹ̀kùn. Obìnrin tí kò mọ iye tí ọkọ rẹ̀ jẹ kò lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ohun tí wọ́n bá sọ. Bí ẹ bá ń dá àjọ, ẹ bá alájọ ṣe é pé ẹni báyìí ló máa mú owó wá, kí ẹ sì ṣe é níṣojú ẹni náà.

Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan, kó wà níbi tí gbogbo ilé mọ̀. Orúkọ àgọ́ tí ẹ ń lọ àti nọ́ńbà fóònù olórí rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, kí ti alága ẹgbẹ́ awakọ̀ ní èbúté tí ẹ ti gbéra tẹ̀ lé e, ti mẹkáníìkì yín, àti ti ẹnì kan tó mọ̀ yín sójú ní Ìkòròdú, níbi tí ẹ ó ti sùn lójú ọ̀nà. Ẹ kọ àwọ̀ ọkọ̀, gígùn rẹ̀, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, àti nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì, níbi irin tí a fi ń dè é mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà náà. Bí olè bá tú ẹ́ńjìnnì lọ ní òru, nọ́ńbà yẹn àti rìsíìtì ni ọlọ́pàá ojú omi á kọ́kọ́ béèrè.

Ọ̀rọ̀ ìpè fóònù ló máa ń dá ìjà sílẹ̀, nítorí pé kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní ọ̀pọ̀ kọ̀rọ̀ ọ̀sà. Ẹ dá àkókò kan, aago 8 alẹ́ dára, kí ẹ sì fi ẹnu kò sí i báyìí: bí alẹ́ kan bá kọjá láìsí ìpè, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sunkún. Bí ó bá di alẹ́ kejì, kí ìyàwó pe olórí àgọ́. Bí olórí àgọ́ kò bá rí yín, alága èbúté ló kàn, lẹ́yìn náà ọlọ́pàá ojú omi, tàbí nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó, 767 tàbí 112. Ṣùgbọ́n ti àgọ́ nìyẹn o. Ọjọ́ tí ẹ bá wà lójú ọ̀nà yàtọ̀ pátápátá. Ní ọjọ́ náà, ẹ pe ilé nígbà tí ẹ bá ń tú okùn, kí ẹ sọ wákàtí tí ẹ rò pé ẹ ó dé. Bí wákàtí mẹ́ta bá ti lé lórí rẹ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe èèyàn, kí wọ́n má ṣe dúró de alẹ́.

Bí màmá bá wà nílé tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ ra ti gbogbo oṣù tí ẹ ó fi lọ. Kí gbogbo ilé sì mọ omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru: lítà omi mímọ́ 1, ṣíbí tíì 6 ṣúgà, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí orí ṣíbí náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ má ṣe fojú díwọ̀n iyọ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè ṣe ọmọ ní jàǹbá.

Ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì

Ọkọ̀ fáíbà kì í sọ àìsàn rẹ̀ lójú. Ẹ mú orí sípánà, ẹ máa fi kan ìdí rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tó bá dún kọ́ kọ́ dára. Ibi tó bá dún bù bù, omi ti wọ inú rẹ̀ tàbí pákó inú rẹ̀ ti jẹrà. Ibi tí ẹ́ńjìnnì rọ̀ mọ́ ni kí ẹ kàn jù, torí pé pákó ló wà láàárín fáíbà níbẹ̀, ihò bóòtù sì ni omi ń gbà wọlé. Bí ẹ bá gbọ́n ẹ́ńjìnnì síwá sẹ́yìn, tí pákó náà bá ń mì tẹ̀ lé e, ẹ má ṣe jáde. Ìwúwo ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́ ló ń fà á, gbogbo agbára tó fi ń ti ọkọ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá.

Bí ẹ bá fẹ́ lẹ ibi tó ya, ẹ fi sáńdípépà ha á títí á fi hó dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí oòrùn gbẹ ẹ́ fún ọjọ́ méjì. Resin ni oje tí a fi ń lẹ aṣọ fáíbà; ìwọ̀n omi tí ń mú un gan, tí àwọn oníṣẹ́ fáíbà ń pè ní hádínà, jẹ́ mìlílítà 10 sí 20 fún lítà resin 1. Bí ó bá pọ̀ jù, á gan mọ́ inú ike kí ẹ tó nà án, ibi tó bá sì dé á gbẹ kankan, á ya padà. Bí ó bá kéré jù, á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ títí láé. Ẹ lẹ aṣọ fáíbà ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta, kí èyí tó wà lókè fẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe é láàárọ̀ kùtù nígbà tí ìrì ṣì wà, kódà bí ọyẹ́ bá ti gbẹ ètè yín.

Ọkọ̀ onípákó ní tirẹ̀. Bí ó bá ti pẹ́ lórí ilẹ̀ nínú ọyẹ́, pákó rẹ̀ á sún kì, ojú ìdè á là. Ẹ fi òwú àti ọ̀dà dí i, ṣùgbọ́n kí ẹ tún rì í sí etí omi ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó gbéra. Á máa jò ní ọjọ́ kìíní, kí ẹ máa gbọ́n omi rẹ̀, kó má bà yín lẹ́rù. Nígbà tí pákó bá mu omi tó, á wú, á sì pa ojú ara rẹ̀ dé. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ gbígbẹ tààrà sórí omi tó sì di ẹrù sí i, agbami ló ti máa rí ìjò yẹn.

Ẹ́ńjìnnì 40 (ìyẹn agbára ẹṣin 40) tò-sítúróòkì, irú tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, ló wọ́pọ̀ lórí ọ̀sà wa, òun ni mo máa fi ṣírò. Ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì wá lọ̀gá, ṣùgbọ́n 50 sí 1 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò: kẹ́ẹ̀gì lítà 25 gba ìdajì lítà ọ́ìlì. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí gba ìlọ́po méjì ìyẹn fún bíi wákàtí 10 àkọ́kọ́. Ọ́ìlì tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára ni kí ẹ rà. Ọ́ìlì mọ́tò kò ṣe é fi dípò, torí pé eérú rẹ̀ á bo plọ́ọ̀gì, á sì mú kí ríìngì inú ẹ́ńjìnnì lẹ̀. Bí a ṣe ń po ó náà ṣe pàtàkì. Ẹ kọ́kọ́ da ọ́ìlì sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ da bíi lítà epo márùn-ún lé e, kí ẹ mì í dáadáa, kí ẹ tó fi epo tó kù kún un. Bí ẹ bá da ọ́ìlì sórí kẹ́ẹ̀gì tó ti kún, ìsàlẹ̀ ló máa rọra wọ̀ sí. Ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ fa ọ́ìlì nìkan, á rú èéfín. Nígbà tó bá yá, á fa epo lásán, písítìnnì á sì gan.

Ìṣirò epo nìyí. Láti Ẹ̀pẹ́ dé Àgbádárìgì lé ní kìlómítà 120 bí ẹyẹ bá fò ó, omi sì ń yí. Ẹ fi 140 ṣírò. Ọkọ̀ tó di ẹrù tó ń lọ ní kìlómítà 25 ní wákàtí kan á gbà tó wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀. Ẹ́ńjìnnì 40 bá gba epo ní kíkún, ó ń jẹ lítà 15 sí 18 ní wákàtí kan. Bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́ dé ìdí, ẹ fi 14 ṣírò. Lítà 77 nìyẹn. Ẹ fi ìdajì rẹ̀ lé e fún ìyípo, afẹ́fẹ́ iwájú àti ibi tí ẹ ó ti dúró dè kùrukùru: nǹkan bíi lítà 115. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 márùn-ún, pẹ̀lú ọ́ìlì lítà méjì àti ààbọ̀, tó o. Epo náà nìkan wúwo tó kílò 90, ìyẹn ni pé ó ti gba ibi èèyàn kan àti ẹrù rẹ̀. Ẹ tò ó sí àárín ọkọ̀, kì í ṣe sí ẹ̀yìn gbogbo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, imú ọkọ̀ á gbójú sókè, á sì máa jẹ epo láìsáré.

Omi inú epo ń pa ẹ́ńjìnnì ju àìsí epo lọ. Ẹ bu díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò funfun, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Omi á jókòó sí ìdí ìgò, epo á wà lórí. Ẹ sì kọ sí ara kẹ́ẹ̀gì omi mímu pé omi ni, torí pé kẹ́ẹ̀gì tó bá ti gba epo rí kò ṣe é pọnmi mọ́, ìbáà ṣe ọṣẹ wo lẹ fi fọ̀ ọ́.

Àìsàn tó wọ́pọ̀ jù tún wà níbí. Ẹ́ńjìnnì á jí kíá, á sáré ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á sì kú láàárín ọ̀sà. Wọ́n á tú plọ́ọ̀gì, wọ́n á tú kábúrétọ̀, wọ́n á bú ẹni tó ta epo. Ìdérí táńkì epo ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ìdè kékeré kan wà lórí rẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Bí ẹ bá gbàgbé láti tú u, epo kò ní í lè jáde, bọ́ọ̀lù rọ́bà tí a fi ń fún epo á sì fà pẹlẹbẹ. Bí bọ́ọ̀lù náà bá rọ̀ tí kò sì le bí ẹ ti ń fún un tó, atẹ́gùn ló ń wọlé láti ojú ìsopọ̀ kan, ẹ wá ibi tó ti ń rin. Ọfà ara bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kọjú sí ẹ́ńjìnnì.

Èkejì ni ooru. Gbàrà tí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, ẹ wo omi tó ń tọ̀ jáde ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí kò bá tọ̀, ẹ pa á. Nylon píọ́ọ̀ wọ́tà ló ń dí ẹnu ibi tí ó ń fa omi, ní apá Èkó ní pàtàkì. Bí nylon kò bá sí, impeller ni, ìyẹn ohun tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì láti fa omi tó ń mú un tutù. Rọ́bà ni, apá rẹ̀ ń gan, ó ń tẹ̀, ó sì ń ya, pàápàá bí ẹ́ńjìnnì bá ti wà nílẹ̀ gbígbẹ fún oṣù púpọ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì fi òmíràn sápò. Nígbà tí ẹ bá tú gíá ọ́ìlì, bí ó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti wọlé. Síìlì ni kí ẹ pààrọ̀, kì í ṣe ọ́ìlì nìkan.

Nínú àpótí irinṣẹ́: plọ́ọ̀gì tuntun méjì tó bá nọ́ńbà ti ẹ́ńjìnnì mu, sípánà plọ́ọ̀gì, okùn ìfà tó gùn tó mítà méjì, píìnì propeller (abẹ̀bẹ̀ tó ń yí nínú omi láti ti ọkọ̀) àti nọ́ọ̀tì rẹ̀, propeller kejì bí agbára bá wà, àti ọ̀bẹ mímú fún àwọ̀n tó bá wé mọ́ propeller. Ẹ fi àjẹ̀ méjì, ọ̀pá gígùn kan, ike ìgbọ́nmi méjì àti láífù jákẹ́ẹ̀tì tó kárí gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lé e. Okùn ìpaná tí a ń so mọ́ ọwọ́ awakọ̀, ẹ so ó. Bí awakọ̀ bá já bọ́ sómi tí ẹ́ńjìnnì kò kú, ọkọ̀ á yí po padà wá bá a. Fún ìdákọ̀ró, okùn gbọ́dọ̀ gùn ní ìlọ́po márùn-ún sí méje jíjìn omi, kí ṣéènì mítà méjì wà lẹ́nu rẹ̀. Okùn kúkúrú ń fa ìdákọ̀ró sókè, kò ní í gbámú.

Ọ̀nà

Ọjọ́ méjì ni kí ẹ fi lọ, ẹ má ṣe gbìyànjú ọjọ́ kan. Ọjọ́ kìíní, Ẹ̀pẹ́ sí Ìkòròdú, ó lé ní kìlómítà 50. Ọjọ́ kejì, Ìkòròdú sí Àgbádárìgì, ó lé ní 70. Àárọ̀ ni gbogbo iṣẹ́ yìí. Láàárọ̀, kùrukùru ọyẹ́ lè bo ojú omi títí di aago 8 tàbí 9. Ẹ dúró. Bí ẹ kò bá lè rí etí omi tó kọjú sí yín, ẹ kò tíì lè rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ náà. Bí kùrukùru bá sì bá yín lójú ọ̀nà, ẹ kúrò lójú ọ̀nà ọkọ̀, ẹ ju ìdákọ̀ró, kí ẹ máa lu nǹkan tó ń dún. Láti nǹkan bíi aago 1 ọ̀sán ni afẹ́fẹ́ òkun máa ń dìde láti ìwọ̀-oòrùn gúúsù. Ẹ̀yin tí ẹ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, iwájú ló máa ti lù yín, ìgbì kúkúrú kúkúrú á máa já wọ inú ọkọ̀. Torí náà, kí ó di aago 12, ẹ ti wà ní èbúté.

Ọ̀sà Èkó kò jìn. Yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ńlá, mítà kan àti ààbọ̀ ni jíjìn rẹ̀ ní ìpíndọ́gba, nínú ẹ̀ẹ̀rùn òkìtì iyanrìn sì ń yọrí. Bí ẹ bá gúnlẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kíá, ẹ gbé ìdí rẹ̀ sókè, kí ẹ fi ọ̀pá ti ọkọ̀ padà síbi tí ẹ ti wá. Ẹni tó bá ní kí òun fi agbára ẹ́ńjìnnì yọ ọ́, iyanrìn ló ń fà sínú impeller yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fò sómi láti ti ọkọ̀ kí ó tó fi ọ̀pá wọn ún, pàápàá láti Báyékù sí Ìbéṣe níbi tí àwọn oníyanrìn ń fa iyanrìn. Ihò tí ẹ̀rọ wọn ń gbẹ́ sílẹ̀ jìn, ó sì lè wà ní ẹsẹ̀ méjì péré sí ibi tí omi kò dé orúnkún. Páìpù wọn náà ń léfòó gba ojú ọ̀nà kọjá, òmíràn sì wà lábẹ́ omi díẹ̀. Ẹ ṣọ́ gẹdú tó já kúrò lára èyí tí wọ́n so pọ̀, torí pé ó ń léfòó pẹ̀lú orí nìkan. Ẹ ṣọ́ igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀. Ẹ má ṣe gba àárín igi wọ̀nyẹn. Ilé ẹja ẹlòmíràn ni.

Ọjọ́ kejì, ẹ gba àárín òpó afárá Third Mainland, kí ọkọ̀ dúró ṣánṣán, torí pé omi ń yára sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Láti ibẹ̀ dé Apápá ni ó gba ìfura jù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni omi òkun ń kún lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fà. Nígbà tó bá ń fà jáde tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ wọlé, ìgbì á dìde gógó bí ògiri. Ẹ kọjá lákòókò tí omi bá dúró díẹ̀ láàárín kíkún àti fífà. Ọkọ̀ òkun ńlá kò lè yà fún yín, kò sì lè dúró, nígbà mìíràn ọ̀gá ọkọ̀ kò tilẹ̀ rí yín lábẹ́ imú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ gbà, kí ẹ gé ojú ọ̀nà rẹ̀ ní ìbú, kíákíá. Bí ìgbì rẹ̀ bá ń bọ̀, ẹ dín eré kù, kí ẹ yí imú ọkọ̀ sí i díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́.

Lẹ́yìn Kírìkírì àti Ọ̀jọ́, omi á dín ní fífẹ̀, koríko omi ló sì kù. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí èyí tó ní òdòdó àlùkò yẹn lórí omi wa, ní apá Àgbádárìgì, ó bá omi wá láti ìhà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọra, tí omi òkun wọlé, á gbó, á jẹrà nítòsí Èkó, ṣùgbọ́n níbi tí omi kò níyọ̀, kò lọ síbì kankan. Bí ẹ bá bá a lójú ọ̀nà, ẹ má ṣe já wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú eré. Ẹ dín eré kù, kí ẹ wá ojú ihò, kí ẹ fi gíá ẹ̀yìn bọ́ èyí tó bá wé mọ́ propeller. Bí kò bá bọ́, ẹ gbé ẹ́ńjìnnì sókè, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé e, kí ẹ fi ọ̀pá tukọ̀ kọjá. Kí ẹ sì tún wo omi tó ń tọ̀ jáde.

Níwájú abúlé, ẹ dín eré kù. Ìgbì yín lè da ọkọ̀ ọmọ kékeré tó ń tùkọ̀ lọ síléèwé nù. Ìwé ọkọ̀ yín, kí ó wà nínú nylon tí a di lẹ́nu. Àwọn òṣìṣẹ́ NIWA (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà omi), LASWA (ti ìpínlẹ̀ Èkó) àti ọlọ́pàá ojú omi lè dá yín dúró, láífù jákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń kà. Ẹ má ṣe rìn lóru.

Àgọ́ àti ìpadà

Bí ẹ bá dé, ẹ lọ kí baálẹ̀ tàbí olórí àgọ́ kí ẹ tó já ẹrù. Ẹ béèrè ibi tí a kì í dẹ àwọ̀n sí àti ọjọ́ tí a kì í jáde. Ẹ́ńjìnnì tó bá ti wọ omi iyọ̀, ẹ fi omi aláìníyọ̀ ṣan inú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, nínú dúrọ́ọ̀mù bí kò bá sí rọ́bà omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iyọ̀ á dí ojú ihò inú rẹ̀ kí oṣù kan tó pé. Kí kẹ́ẹ̀gì epo jìnnà sí ibi tí ẹ ti ń dáná. Ohun kan tó ti ba ilé jẹ́ nìyí: kí ẹnì kan bu epo ẹ́ńjìnnì sínú sítóòfù kẹrosíìnì nínú òkùnkùn. Ẹ fi àwọ̀ oríṣiríṣi kun ìdérí kẹ́ẹ̀gì.

Kí oṣù kẹta tó dé àárín, ẹ ti máa palẹ̀ mọ́. Ìjì àkọ́rọ̀ máa ń ti ìlà-oòrùn wá, ìyẹn iwájú yín gẹ́lẹ́ bí ẹ ti ń padà sí Ẹ̀pẹ́. Afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ dákẹ́ rọ́rọ́, ooru á mú, ìkùukùu dúdú á sì dúró bí ògiri nísàlẹ̀ ọ̀run. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ má ṣe bá a sáré. Ẹnu odò tó bá sún mọ́ yín jù ni kí ẹ yà sí. Bí ẹ kò bá lè dé ibẹ̀, kí gbogbo èèyàn wọ jákẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n jókòó sílẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ẹ ju ìdákọ̀ró láti imú ọkọ̀, kí ìgbì máa bá imú pàdé. Ẹ má ṣe so ìdákọ̀ró mọ́ ẹ̀yìn lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ ló rẹlẹ̀ jù, ibẹ̀ ni omi á gbà wọlé.

Epo tí ẹ pò ní oṣù kejìlá, ẹ má ṣe gbára lé e fún ìrìn ìpadà. Bí ó bá ti lé ní oṣù kan nínú kẹ́ẹ̀gì nínú oòrùn, agbára rẹ̀ ti ń lọ, ẹ́ńjìnnì á sì ṣòro jí. Bí ó bá ṣẹ́ kù, ẹ lò ó nídìí àwọ̀n ní ìtòsí àgọ́, kí ẹ ra tuntun fún ọ̀nà jíjìn. Owó ìpadà tí ẹ yà sọ́tọ̀ ló máa rà á.